Rìwáyà Tó Ń Fi Ìka Ka Fíúsì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé onísùúrù ni mí, ẹ bi í pé ta ló rán an níṣẹ́. Inú mi máa ń tètè ru, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Màmá mi ní láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti ń bá ìgò wàrà mi jà. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ìtàn bàbá mi ni mo fẹ́ sọ, ìbínú mi ló sì bà á jẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ bá mi dé ìdajì ọ̀nà kí ẹ tó mọ irú ẹni tí ẹ ń bá rìn.

Rìwáyà ni bàbá mi. Ogójì ọdún ni wọ́n fi tún iná ọkọ̀ ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta táyà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù, àwọn ọkọ̀ tó dàgbà ju awakọ̀ wọn lọ, tí rọ́bà ara wáyà wọn ti gbẹ débi pé bí o bá fọwọ́ kàn án, yóò máa já bọ́ sílẹ̀. Bí àwọn rìwáyà yòókù bá rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn á ní kí onítọ̀hún lọ ná, kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ọjọ́ mìíràn yẹn ò sì ní í dé. Bàbá mi á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á ki orí bọ̀ ọ́, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin sí ẹ́ńjìnnì létí.

Ọkọ̀ àtijọ́ kì í ní fíúsì púpọ̀. Mẹ́rin péré ló sábà máa ń wà nínú àpótí rẹ̀, mẹ́rin yẹn náà ló ń gbọ́ bùkátà gbogbo iná, họ́ọ̀nù, ọwọ́ tó ń nu gíláàsì, gbogbo ẹ̀ pátá. Tí ẹnì kan bá wá fẹ́ fi rédíò tuntun sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tó kàn wá wáyà tó bá sún mọ́ ọn, tó lọ́ ọ pọ̀, tó fi téèpù wé e, wàhálà ló fi síbẹ̀, kì í ṣe rédíò. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, rédíò tuntun gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti orí bátìrì, wáyà náà gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀, fíúsì náà kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí bátìrì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n máa ń bi àwọn oníbàárà pé kí ni fíúsì ń ṣọ́. Oníbàárà á dáhùn pé rédíò ni. Inú Bàbá á dùn, nítorí ìdáhùn yẹn gan-an ni wọ́n ń retí. Wọn á ní ta ló bìkítà fún rédíò, wáyà ni fíúsì ń ṣọ́: bí wáyà bá fara kan irin níbi tí kò yẹ, fíúsì á kú kí wáyà má baà jó. Wọ́n sọ ọ́ títí tí gbogbo àdúgbò fi sọ wọ́n ní Bàbá Fíúsì.

Àwa ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, èmi nìkan ni mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo pàṣẹ fún awakọ̀ kan pé kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí wáyà wa. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo bàbá mi, ó gbẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Bàbá ti ń pè mí ní Ọ̀gá kékeré. Nígbà tí ohun tí mo ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti ń dá gbé nínú yàrá méjì tí kò jìnnà sí ilé wọn, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kékeré náà ni mo ṣì ń jẹ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú Bàbá ń ṣe ségesège. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n gbé wáyà pupa wá, mo ń bá ẹnì kan fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣèèṣì gbé aláwọ̀ ewé fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò rẹ́rìn-ín. Mo rọra gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ní ó kúrú, mo gbé pupa fún wọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n dá lọ rí dókítà ojú, wọ́n gbé ìgò kékeré kan bọ̀ tí wọ́n ń kán sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Wọ́n sọ fún Màmá pé ojú ló ń yún àwọn. Èmi wo orúkọ oògùn tó wà lára ìgò, mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta oògùn, ó sì ṣàlàyé fún mi pé ti àwọn tí iṣan ẹ̀yìn ojú wọn ń kú díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ní oògùn náà ń fa àkókò gùn ni, pé èyí tó bá ti lọ nínú ìríran kì í padà.

Bàbá ò sọ fún mi, èmi náà ò sì sọ fún wọn pé mo mọ̀. Irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn, irú èèyàn tí èmi náà sì jẹ́ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ̀rù láyé yìí ni kí iṣẹ́ yẹn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn oníbàárà bá gbọ́ pé rìwáyà ò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé mọ́, ta ló máa gbé ọkọ̀ fún un? Èmi náà ń bẹ̀rù rẹ̀ fún wọn. Mo wá ń bá wọn ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dárúkọ. Láràárọ̀ mo máa ń fi wáyà kọ́ sórí ìṣó lára ògiri bó ṣe tẹ̀ léra: pupa lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìyeyè, lẹ́yìn náà dúdú, àwọn ti sípíkà lápá kejì, mo sì so òwú mọ́ ìdí wọn kí ọwọ́ lè mọ èwo ni èwo. Fíúsì ló wá le jù, nítorí gbogbo wọn ló rí bákan náà lọ́wọ́. Àwọ̀ wọn àti nọ́ńbà tíńtín tó wà lórí wọn nìkan ló fi yàtọ̀. Mo wá àwo onígi kan tí wọ́n pín sí ojú márùn-ún, mo ń kó wọn sínú rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ọgbọ̀n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e síbẹ̀, Bàbá fi ìka kan ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Ó dáa báyìí," ó parí síbẹ̀.

Ẹ̀yin ì bá wá wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Wọn á gbójú sókè sí títì, wọn á máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ìka wọn á máa ṣiṣẹ́ lọ nísàlẹ̀. Ìka yẹn á bó wáyà, á lọ́ ọ, á fi òjé lẹ̀ ẹ́, á na ọwọ́ sínú àwo, á mú fíúsì láìwò ó. Àwọn èèyàn máa ń dúró wòran. Wọ́n rò pé fáàrí ni. Kí Bàbá tó ti fíúsì bọ àyè rẹ̀, wọn á béèrè lọ́wọ́ mi bí ẹni tí kò ní nǹkan ṣe pé, "Ọ̀gá kékeré, ṣé ibẹ̀ dáa?" Èmi á yọjú, màá ní ó dáa. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ọkọ̀ kan tó kúrò lọ́dọ̀ wa tí iná rẹ̀ ní àléébù.

Oníbàárà kan tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà ló wá gbé ọkọ̀ tiwọn dé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n ga, wọ́n rù, wọ́n sì máa ń kí èèyàn tán pátápátá kí wọ́n tó sọ ohun tó gbé wọn wá. Aláwọ̀ sánmà ni ọkọ̀ náà, ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ni wọ́n rà á, singilẹ́ẹ̀tì wọn tó ti gbó ni wọ́n sì fi ń nù ún. Ìyàwó wọn ti kú ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ṣáájú. Tíṣà ní obìnrin náà kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀, pé láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ibi tí wọ́n bá ń lọ ni yóò máa rojọ́, àwọn a sì máa bẹ̀ ẹ́ kó sinmi díẹ̀. Ní báyìí ó ti sinmi, àwọn ò sì lè wa ọkọ̀ náà kọjá òpópónà méjì láìsunkún. Wọ́n fẹ́ rédíò. Wọ́n ní kí ohun kan ṣáà máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn pọ̀. Kí rédíò tó lè dé ibẹ̀, a ní láti yọ gbogbo wáyà tó ti gbẹ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ká fi tuntun sí i. Èmi ni mo ṣe é. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ọkọ̀ náà, orí mi lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ mi lóde, ìdọ̀tí ogójì ọdún ń bọ́ sí mi lójú. Bàbá ò lè ṣe irú èyí mọ́, nítorí àwọn wáyà inú ibẹ̀ lé ní ogún, àwọ̀ wọn ló sì fi yàtọ̀. Nígbà tí mo parí, mo tò wọ́n jọ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, mo so wọ́n níbi tó yẹ, mo tan iná kọ̀ọ̀kan wò. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó wù mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Tíṣà dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n yọjú wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ní àwọn ò rí irú iṣẹ́ yìí rí, pé ta ló ṣe é. Mo nu ọwọ́ mi, mo ti múra láti dáhùn. Bàbá ló dáhùn. Wọ́n ní àwọn ni. Wọ́n wá fi ọwọ́ tọ́ka sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ náà ń bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú."

Tọ́ọ̀ṣì. Ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, ẹ̀yìn mi ò lè tọ́, ìka mi ti ya, tọ́ọ̀ṣì ni mo ń dì mú. Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni tí mo fi kọrí sílé. Ó pẹ́ kó tó yé mi ìdí tí Bàbá fi sọ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní èmi ni, Tíṣà á béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe àwọn fúnra wọn, ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n sì ti ń sá fún láti ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí kì í ronú dé ibẹ̀ yẹn. Èmi ò ronú dé ibẹ̀.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, inú ṣì ń bí mi. Rédíò ló kù láti so, iṣẹ́ wákàtí méjì tí Bàbá lè fi ìka wọn ṣe. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo fi wáyà kọ́ ara ògiri bó ṣe yẹ. Nígbà tó kan àwo fíúsì, mo pààrọ̀ ojú méjì: mo kó ọgbọ̀n sí ibi mẹ́wàá, mo kó mẹ́wàá sí ibi ọgbọ̀n. Pupa ni mẹ́wàá, ewé ni ọgbọ̀n. Nọ́ńbà yẹn ni iná tí fíúsì lè gbé kó tó já. Wáyà rédíò tín-ín-rín, mẹ́wàá ló tó o. Bí ẹ bá fi ọgbọ̀n sí i, wáyà á ti jó tán kí fíúsì tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo ní lọ́kàn. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ jó. Mo kàn fẹ́ kí Bàbá béèrè ìbéèrè wọn ojoojúmọ́ ni, pé ṣé ibẹ̀ dáa, kí n wá wò ó, kí n sì ní rárá, kò dáa, lójú Tíṣà. Mo fẹ́ kí Tíṣà rí ẹni tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Kí n lè jẹ́ kí wọ́n wá mi dáadáa, mo jáde lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà, mo sì ń retí kí wọ́n pè mí.

Wọn ò pè mí. Tíṣà dúró tì wọ́n lórí, wọ́n ń wo gbogbo ohun tí Bàbá ń ṣe, ojú sì ti Bàbá láti kígbe pe ọmọ. Nígbà tí mo gbọ́ orin, mo dìde. Kí n tó dé ibẹ̀, Bàbá ti dé ìdérí àyè fíúsì náà, wọ́n ti fi téèpù wé e yíká, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti padé. Tíṣà jókòó sínú ọkọ̀, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí ìtọ́kọ̀, wọ́n dijú, omijé ń ṣàn lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n ń fi ìka lu òrùlé rẹ̀ bí orin náà ṣe ń lọ. Kí ni kí n wí? Pé kí wọ́n pa rédíò náà, kí wọ́n tú fíúsì rẹ̀, nítorí mo ṣe bí ọmọdé? Mo gbé e mì. Mo sọ fún ara mi pé wáyà náà tuntun, kò sí ohun tó máa ṣe é, àti pé Tíṣà máa padà wá lópin ọ̀sẹ̀ kí n fi sípíkà ẹ̀yìn sí i, ìgbà yẹn ni màá rọra pààrọ̀ rẹ̀.

Tíṣà ò wá lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọ àwọn làwọn wà, pé àwọn ń gbádùn rédíò náà. Mi ò lè lọ bá wọn níbẹ̀, mi ò sì sọ fún Bàbá.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ní ọ̀sán gangan, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí Tíṣà ń gun òkè bọ̀ sílé. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà nítòsí ló fà wọ́n jáde. Tíṣà tún padà lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, irin náà sì bó wọn lọ́wọ́ òsì. Kí omi tó dé, ọkọ̀ náà ti di irin lásán. Wọ́n wọ́ ọ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù wa nítorí pé Tíṣà ò mọ ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e lọ.

Bàbá ní kí n mú àwọn débẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tọ ara ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èmi ki orí bọ inú rẹ̀, mo rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Níbi tí wáyà rédíò ti gba inú irin tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó kọjá, rọ́bà tó yẹ kó dáàbò bò ó ti gbẹ, ó ti là, wáyà náà sì ti ń ha irin láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tí fíúsì wà fún gan-an nìyẹn. Àyè fíúsì náà ti yọ́ lápá kan, ṣùgbọ́n fíúsì fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò já, ó mọ́ fínnífínní, aláwọ̀ ewé. Mo fà á yọ.

"Mélòó ló wà níbẹ̀?" Bàbá béèrè.

"Ọgbọ̀n ni, Bàbá."

Wọ́n mi orí. Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, báńdéèjì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó ń ta táyà náà ti jáde, àwọn oníbàárà méjì wà níbẹ̀. Bàbá yíjú sí ibi tí wọ́n gbọ́ mímí Tíṣà.

"Èmi ni mo mú un," ni wọ́n wí. "Ọmọ yìí ò sí níbẹ̀. Tíṣà, mi ò mọ àwọ̀ mọ́, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ìka ni mo fi ń ṣiṣẹ́, mo rò pé ó mọ̀nà. Kò mọ̀nà mọ́. Èmi ni mo jó ọkọ̀ yín."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, mo mọ̀ ọ́n títí dòní. Ẹ̀rù Tíṣà bà mí, ẹ̀rù àwọn tó ń wòran bà mí, mo sì ń bẹ̀rù ojú tí Bàbá máa fi wò mí, èmi tí wọn ò tilẹ̀ rí dáadáa mọ́. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, ẹnu mi kú.

Tíṣà ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n ní ẹ̀mí ò bọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá pé wọ́n sọ òótọ́. Wọ́n wá ní, "Ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, mo gbádùn ẹ̀ gan-an." Mo fẹ́ fi ọkọ̀ sìn wọ́n délé, wọ́n kọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn pátápátá.

Bàbá fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́, wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n nù ún dáadáa, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí mi. Wọn ò tún fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́.

Èmi wá di ọ̀gá. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ wá, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e wá, wọ́n sì ń gbé e wá sí i. Wọ́n ń sọ pé ọmọ Bàbá Fíúsì yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wo fíúsì kan. Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń wò ó, bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, mo tún máa ń padà lọ wò ó. Wọ́n ń yìn mí nítorí rẹ̀.

Nílé, Bàbá jókòó. Wọ́n gbé àga sídìí fèrèsé tó kọjú sí títì, ibẹ̀ ni wọ́n ń wà láti òwúrọ̀. Màmá ló kọ́kọ́ pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní bàbá mi ò fọwọ́ ṣe nǹkan kan mọ́. Màmá ló ń bu omi fún wọn. Màmá ló ń de bọ́tìnnì wọn. Gílóòbù yàrá kú, ohun tí Bàbá máa ń fi ẹyọ ọwọ́ kan pààrọ̀, wọ́n ní kí Màmá wá ẹlòmíràn. Màmá kọ́kọ́ rò pé ọ̀lẹ ni, wọ́n sì bá wọn jà. Bàbá ní kí wọ́n má bínú, ìka àwọn ń parọ́ fáwọn. Ẹni tó lè fa wáyà méje gba inú ihò kan láìwò ó wá ń bẹ̀rù bọ́tìnnì. Mo gbọ́ ọ, mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo sunkún, mo nu ojú, mo sì lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí mo ṣe nìyẹn fún ọdún méjì ó lé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé, mo máa ń ní òní ni màá sọ ọ́.

Ní ọdún kejì, ìríran tó kù lójú wọn náà lọ. Wọ́n ní àwọn ò rí fèrèsé mọ́, pé ooru rẹ̀ nìkan làwọn ń mọ̀. Wọ́n ṣì ń jókòó sídìí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo sọ ọ́, mo yà kí wọn kí n tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màmá ti jáde. Bàbá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, sílípáàsì wọn wà nílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n ní kí n sọ fáwọn èwo ni tòsì. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án, wọn á mọ̀. Wọ́n ní rárá, kí n ṣáà sọ, àwọn ò fẹ́ ṣì í wọ̀. Inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Ìbínú yẹn náà ló la ẹnu mi.

"Ìka yín ò parọ́ fún yín rí, Bàbá," ni mo wí. "Èmi ni mo pààrọ̀ àwọn fíúsì yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibi tí ẹ ti mú un, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ ti mú un."

Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn látòkè délẹ̀, bí mo ṣe jókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà, bí mo ṣe dé nígbà tí orin ti ń dún. Wọ́n jẹ́ kí n parí. Wọ́n wá béèrè, ohùn wọn ò le rárá, pé kí làwọn fi ṣe mí. Mo ní wọ́n sọ fún Tíṣà pé tọ́ọ̀ṣì ni mò ń dì mú.

"Mo rántí," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo fi máa dé, o ti jáde."

Mo gbé orí lé orúnkún wọn, mo ń sunkún, mò ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi ọwọ́ sí mi lórí díẹ̀, wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n na ọwọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan sílípáàsì kan, wọ́n fọwọ́ kan èkejì, wọ́n fi tòsì bọ ẹsẹ̀ òsì, wọ́n fi tọ̀tún bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò ṣòro fún wọn rárá.

"Nígbà tí Tíṣà gbé ọkọ̀ yẹn wá," ni wọ́n wí, "dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ó ku bí ọdún méjì kí ojú yìí tó lọ tán ni. Mi ò bẹ̀rù. Mo ní ọdún méjì pọ̀, èmi pẹ̀lú Ọ̀gá kékeré á jọ fi ṣiṣẹ́. Mo fi gbogbo ẹ̀ jókòó sídìí fèrèsé."